Ìbéèrè Ẹlẹ́ẹ̀kejì

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ ìyá àgbà mi, lábẹ́ àgọ́ tí wọ́n pa sí ẹnu ọ̀nà wa ní Samandin, àdúgbò wa nílùú Ouaga, Àáfà dìde, ó ní obìnrin tó fọkàn tán gbogbo èèyàn ni Alhaja Àfúsátù. Àwọn èèyàn ń mi orí sí i. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lábẹ́ ìborùn. Mo mọ̀ pé a kì í bá òkú jà, mo sì mọ̀ pé ire ni Àáfà ń wá fún un, àmọ́ irọ́ ni. Ìyá àgbà mi kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Kò fọkàn tán oníbàárà, kò fọkàn tán oníṣègùn, kò fọkàn tán ojú ọjọ́. Àáfà tó ń yìn ín yìí gan-an, bó bá wá kí i nílé, á ṣẹ́jú sí mi pé kí n máa ṣọ́ ibi tí ojú rẹ̀ ń lọ.

Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí gan-an, nítorí pé bí wọ́n bá ń bá a lọ báyìí, kò ní pẹ́ tí èmi náà á fi gbà pé ẹlòmíràn la sin.

Aṣọ ló ń tà ní àdúgbò Paspanga: àǹkárá, àti gínnì tí àwọn ará ibí ń pè ní bazin. Kí ó tó ra ọjà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, á fi itọ́ ra àtàǹpàkò, á fi fa igun aṣọ náà níbi tí ojú kò tó, á wá nu ìka rẹ̀ sára ańkáṣífì funfun. Á rún aṣọ náà létí bí ẹni ń gbọ́ àṣírí. Lẹ́yìn náà, á bi ọlọ́jà pé, "Ṣé kì í ṣá?" Ọlọ́jà á ní kì í ṣá. Á dúpẹ́, á ní kí n bu omi fún un, á béèrè ìyàwó rẹ̀, á béèrè àwọn ọmọ, á sọ̀rọ̀ nípa ooru. Nígbà tí ọkùnrin náà bá ti gbàgbé, á tún bi í bí ẹni pé kò bi í rí: "Ṣé kì í ṣá?" Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ọwọ́ ọlọ́jà ló máa ń wò, kì í wo ẹnu rẹ̀. Mo ti rí i tí èèyàn ká ẹrù rẹ̀ kúrò nílẹ̀ níbi ìbéèrè ẹlẹ́ẹ̀kejì, tí kò sì sẹ́ni tó lé e. "Ìdáhùn àkọ́kọ́, ti ìkíni ni," ló máa ń wí fún mi. "Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni kí o tẹ́tí sí."

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Tirẹ̀ kò dúró kí ó dàgbà. Ọmọdébìnrin ni nígbà tí wọ́n lé àwọn àjèjì kúrò ní Gánà, tí òun àti àwọn òbí rẹ̀ gba òkè wá sí ilẹ̀ Mọ́sí yìí. Ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, aládùúgbò wọn kan wá jókòó tì wọ́n láràárọ̀, ó ń sọ pé kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀, kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbà á gbọ́, kò sì di ẹrù. Ọjọ́ tí wọ́n wá sá, aṣọ ọrùn wọn ni wọ́n bá sá. Ìyá àgbà mi kì í sọ ìtàn yẹn gùn. Gbólóhùn kan péré ló máa ń sọ: "Ẹnu rẹ̀ ń tù wá nínú, ojú rẹ̀ ń wọn àpótí wa."

Ohun kan wá ń bẹ tó yà mí lẹ́nu nígbà yẹn, tó sì ń bí mi nínú títí di òní. Obìnrin tó ń bi gbogbo ayé ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bi òun ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí o bá ní, "Màmá, ara ńkọ́?" á ní, "A dúpẹ́." Ó parí. Kì í ṣe òun nìkan. Bí àwọn àgbà wa ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀fọ́rí, ibà, ẹsẹ̀ ríro, gbogbo rẹ̀ ni "a dúpẹ́" ń bò mọ́lẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ nílé kò ní tún béèrè mọ́, kó má baà dà bíi pé ó ń pe àgbà ní òpùrọ́. Mo rántí ọdún kan tí ibà dá a wó nínú ooru tó ń yọ ọ̀dà, tó fi ìró mẹ́ta bo ara, tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, tó sì ń dá àwọn oníbàárà lóhùn láti orí ẹní pẹ̀lú barka, ọpẹ́ àwọn ará Mọ́sí. "A dúpẹ́, barka, ẹ wo ti òkè yẹn, ó rẹwà."

Òun ló ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn èèyàn rò pé ìfẹ́ ìwé ni. Ìfura ni. Ó ti rí àwọn tó ń gbé oògùn kiri nínú agbọ̀n lójú títì, ó ti rí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fi èdè Faransé bá arúgbó tí kò gbọ́ ọ sọ̀rọ̀, tí arúgbó náà ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo gba ìwé ìwọlé, tí mo rò pé ó máa sunkún ayọ̀, ó ń ká aṣọ lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Mo ń rán ọ lọ kí n lè ní ojú tèmi nínú ilé wọn."

Ní ọdún kẹta mi, ilé ẹ̀kọ́ wa ṣí ilé ìdánrawò kan. Yàrá aláìsàn ni, ibùsùn àti gbogbo nǹkan, àmọ́ ọmọlańgidi ńlá ló sùn síbẹ̀. Ó ń mí, ó ń ṣẹ́jú, ọkàn rẹ̀ ń lù. Àwa ọdún kẹta la máa ń jókòó sẹ́yìn dígí tí a fi ń rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dánra wò, tí wọn kì í rí wa, tí a ó máa fi kọ̀ǹpútà sọ irú àìsàn tí ọmọlańgidi náà fẹ́ ṣe. Ìyá àgbà mi gbọ́, kò gbà á gbọ́, ó wọ taxi wá síbẹ̀ láìsọ fún mi. Ó dúró níwájú ọmọlańgidi náà pẹ́. Ọmọlańgidi ṣẹ́jú. Òun náà ṣẹ́jú.

"Ta ló ń mí fún un?" ló bi mí.

"Kọ̀ǹpútà ni, Màmá. Èmi ni mo ń tẹ̀ ẹ́."

"Bó bá kú ńkọ́?"

"À á tún un tàn ni."

Ó mi orí. "Ẹ̀kọ́ tí òkú rẹ̀ ń jí, ẹ̀rù rẹ̀ kò lè bà yín tó."

Inú bí mi, mo sì dá a lóhùn, ohun tí n kì í sábà ṣe. Mo ní nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe rà á. Mo ní ní ayé àtijọ́, ara ọmọ ọlọ́mọ ni nọ́ọ̀sì ti máa ń ṣe àṣìṣe àkọ́kọ́, pé ó sàn kí a gún ike lódì ní ìgbà ogún ju kí a gún ìyá ẹnìkan lódì lẹ́ẹ̀kan. Ó ronú sí i. Ó fi àtàǹpàkò fa ara ọmọlańgidi náà bí ẹni ń wò bóyá yóò ṣá. Ó ní, "Ìyẹn bọ́ sí i." Ẹ má fojú kéré gbólóhùn yẹn, n kò rántí pé ó tún sọ irú rẹ̀ fún mi mọ́.

Àbẹ̀wò yẹn ló fa gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá wa, obìnrin Mọ́sí kan tí gbogbo wa ń pè ní Madame, rí i pé ìyá àgbà mi ń sọ Mòórè, èdè àwọn Mọ́sí, àti Jùlá, èdè ọjà, bí omi, ó sì ní òun ń wá irú àgbà bẹ́ẹ̀. Ọmọlańgidi kì í sọ Mòórè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní láti kọ́ bí a ṣe ń bi arúgbó ní ọ̀rọ̀, nítorí náà Madame fẹ́ èèyàn gidi tí yóò jókòó sórí ibùsùn, tí yóò ṣe bí aláìsàn, tí wọn yóò bi léèrè. Tó bá wá di pé kí wọ́n gbọ́ àyà rẹ̀, wọn yóò fi í sílẹ̀, wọn yóò kọjá sí ọ̀dọ̀ ọmọlańgidi ní ibùsùn kejì, nítorí pé ọkàn ọmọlańgidi la lè fi kọ̀ǹpútà mú ṣàìsàn.

Mo rò pé á kọ̀. Lójú tiwa, ẹni tó ń díbọ́n àìsàn ń ránṣẹ́ pè é ni. Ó sì kọ̀ lóòótọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ní kí n ka àwọn páálí tí Madame kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sí, tó fi ránṣẹ́, fún òun. Mẹ́ta ni: ti inú rírun, ti orí fífọ́, ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń rẹ̀, tí èémí kì í tó o. Mo kà wọ́n tán. Ó ní kí n tún ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta kà.

"Ìyẹn ni n ó ṣe," ló wí. "Ṣùgbọ́n sọ fún Madame yín pé n kò ní kọ́ ọ̀rọ̀ inú páálí sórí. Irọ́ tí ẹlòmíràn rán, kì í bá mi lára mu."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún Madame. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "D'accord," pé òun gbà.

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mú Alhaji Ganíyù wọlé. Ará ilé wa láti Nàìjíríà ni, ó ń ta ẹ̀yà ara moto lẹ́bàá ọ̀nà tí ìyá àgbà mi ń gbà lọ wọ taxi nírọ̀lẹ́. Àwọn méjèèjì kò rẹ́. Ìyá àgbà mi ní Alhaji ń rín ẹ̀rín jù fún ẹni tó ń ta irin. Ní bíi oṣù kan ṣáájú ọ̀rọ̀ páálí yìí, Alhaji dá mi dúró lójú ọ̀nà.

"Àníkẹ́, bá mi kìlọ̀ fún ìyá àgbà rẹ o. Kò sírọ̀lẹ́ tí kì í jókòó lórí bẹ́ǹṣì mi, á máa ná plọ́ọ̀gì. Kò ní moto. Kí ló fẹ́ fi plọ́ọ̀gì ṣe? Ó ń ṣe amí mi ni, wallahi."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì gbàgbé rẹ̀. Ó bá ìwà ìyá àgbà mi mu pé kó máa ṣe amí.

Lọ́jọ́ ìdánrawò, wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀wọ́ mẹ́rin. Èmi wà lẹ́yìn dígí, níbi kọ̀ǹpútà. Akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́, ọmọkùnrin kan, wọlé, ó kí ìyá àgbà mi, ó sọ orúkọ ara rẹ̀, ó sì bi í ní Mòórè pé kí ló ń ṣe é. Kí ìyá àgbà mi tó dáhùn, ó nàka sí dígí.

"Ta ló wà lẹ́yìn ìyẹn?"

"Kò sẹ́nì kankan, Màmá. Dígí lásán ni."

Ó dúpẹ́. Ó béèrè ìyá ọmọkùnrin náà, ó béèrè abúlé wọn. Lẹ́yìn náà: "Ta ló wà lẹ́yìn dígí?" Ọmọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ìyá àgbà mi wá yí ìjókòó rẹ̀ padà, ó kọjú sí dígí gan-an, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀.

Ó ní bí òun bá rìn díẹ̀, èémí á tán. Ìyẹn wà nínú páálí. Ó ní ó rẹ òun. Ìyẹn náà wà níbẹ̀. Ó wá ní nírọ̀lẹ́, sálúbàtà òun kì í gba òun mọ́, pé òun ń ká gínnì mẹ́rin sábẹ́ orí kí òun tó lè sùn, nítorí tí òun bá dùbúlẹ̀ gbalaja, ó ń ṣe òun bí ẹni tó fẹ́ rì sómi. Ó ní ọkùnrin kan ń ta ẹ̀yà ara moto lójú ọ̀nà òun, pé òun máa ń jókòó síbẹ̀, òun á máa ná ohun tí òun kò fẹ́ rà títí èémí òun á fi padà, kí wọ́n má baà mọ̀.

Kò sí èyíkéyìí nínú wọn nínú páálí.

Akẹ́kọ̀ọ́ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó bọ́ sọ́dọ̀ ọmọlańgidi, ó gbọ́ ọkàn tí mo ti fi ọwọ́ ara mi mú ṣàìsàn, ó sì sọ àìsàn náà láìṣì. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ọ̀wọ́ kejì wọlé, ìyá àgbà mi tún un sọ, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀wọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, Madame di mọ́ ọn, ó ní òun kò rí ẹni tó mọ eré ṣe tó báyìí rí, ó ní, "Alhaja, barka, barka!" Ìyá àgbà mi wo Madame, ó wo ọwọ́ gbogbo wa tó ń lu ara wọn, ó sì tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ plọ́ọ̀gì yẹn ta mí lára. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ náà, kí n tó bọ́ bàtà, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Màmá, ohun tẹ́ ẹ sọ lónìí, ṣé lóòótọ́ ni?"

"Eré ni," ló wí. "A dúpẹ́."

Ojú rẹ̀ kò kúrò lójú mi. Ó ń dúró. Mo ti ro ìdúró yẹn títí, kò sí ìtumọ̀ mìíràn tí mo lè fún un: ó ń dúró de ìbéèrè ẹlẹ́ẹ̀kejì. Èmi tí ó fi ìbéèrè méjì tọ́ dàgbà! Ojú tì mí láti pe àgbà ní òpùrọ́. Mo ní, "Alhamdulillahi," mo dìde, mo lọ gbé oúnjẹ kaná.

Ó di ìgbà tí eruku ọyẹ́ bo gbogbo Ouaga kí n tó mọ̀. Mo ń gbá yàrá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ká aṣọ ìbora kúrò lórí ibùsùn. Gínnì mẹ́rin tí a ká wà níbi orí, wọ́n ti jìn ní àárín bí ibi tí orí ti ń sùn láti ọjọ́ pípẹ́. Lábẹ́ ibùsùn, mo rí sálúbàtà rẹ̀. Ó ti fi abẹ gé okùn rẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì, kí ẹsẹ̀ lè ráyè. Ìyá àgbà mi, tí kì í jẹ́ kí a gé òwú tó yọ létí aṣọ láìgba àṣẹ, òun ló gé bàtà ara rẹ̀. Mo gbé e lọ́wọ́ jáde sí àgbàlá. Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà mi.

"Màmá, ṣé lóòótọ́ ni?"

Ó wo bàtà náà. "O pẹ́ o," ló wí.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà gbé ohun èlò sí àyà rẹ̀, àyà tirẹ̀ gan-an, ó sì pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Ó ní ọkàn rẹ̀ ti wú. Ó ní ká ní a tètè mú un wá ni, ìtọ́jú ì bá rọrùn. Mo jókòó létí ibùsùn, ìbínú àti ẹkún jọ ń bá mi jà. Mo ní, "Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wa?"

Ó ti rẹ̀ ẹ́, àmọ́ ohùn rẹ̀ mú. "Mo sọ ọ́, Àníkẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sọ ọ́. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi, ẹ sì lọ ń gbọ́ ọkàn ọmọlańgidi."

Mo ń fura sí i títí di òní. Ṣé ìtìjú ni, pé lábẹ́ eré nìkan ló ti lè sọ ohun tí àgbà kì í sọ? Àbí ńṣe ló ń fi àtàǹpàkò fa ilé ẹ̀kọ́ wa níbi igun, kó rí i bóyá a máa ṣá, kó tó gbé ara rẹ̀ lé wa lọ́wọ́? Mo mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ méjèèjì. Mo bínú sí i fún un, mo sì bínú sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oògùn fún un ní àkókò díẹ̀ sí i, ó rí òjò ọdún kan parí. Hóró kọ̀ọ̀kan ló ń gbóòórùn kó tó gbé e mì. A wá ní àṣà tuntun, àwa méjèèjì, láìsọ pé a ní i. Láràárọ̀, mo máa ń béèrè pé ara ńkọ́, á ní, "A dúpẹ́." Mo máa ń bu omi fún un, mo máa ń ṣí fèrèsé, mo máa ń sọ̀rọ̀ nípa moto tó ń pariwo níta. Lẹ́yìn náà, mo máa tún béèrè. "Ẹsẹ̀ ọ̀tún," ló lè wí, tàbí, "Mi ò sùn." Mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún dókítà. Ní àárọ̀ Jímọ̀ tó kú, mo béèrè lẹ́ẹ̀kan, ó ní a dúpẹ́. Mo ṣí fèrèsé. Mo béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

"Ó ti rẹ̀ mí, Àníkẹ́," ló wí, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ sínú tèmi.

Mo ti parí ẹ̀kọ́ mi. Ilé ìdánrawò yẹn náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mo ń ran Madame lọ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bàbá arúgbó kan tó ń ran aṣọ wá jókòó fún wa bí aláìsàn. Ó ṣe é dáadáa. Nígbà tó parí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé ọwọ́ sókè láti pàtẹ́wọ́, mo ní kí wọ́n dúró. Mo lọ bá a létí ibùsùn, mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ṣé eré ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Eré ni, ọmọ mi. A dúpẹ́."

Mo bu omi fún un. Mo béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, mo béèrè ọjà. Mo ní ooru ti ọdún yìí pọ̀. Ó mu omi náà tán, ó gbé ife náà lé mi lọ́wọ́. Mo fa àga, mo jókòó tì í, mo sì béèrè lẹ́ẹ̀kejì.